Bí Mo Ṣe To Ẹgbẹ́ Olórin Irin Lódì

Nígbà tí a ń gbé ní West Ridge, ní ìhà àríwá Chicago, kò sí mọ́tò nínú gáréèjì tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìlù ló wà níbẹ̀, àti gìtá méjì, àti àwọn àpótí gbohùngbohùn dúdú tí wọ́n ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọmọbìnrin onílé ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì láti ìdájí. Tó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn gáréèjì mọ́rí, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù wa lókè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Orin tí wọ́n ń kọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní hẹ́fì mẹ́tàlì, ìyẹn irin wúwo. Kí n tètè ṣàtúnṣe kan fún ẹni tó bá rò pé ariwo lásán ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, mo ti mọ̀ pé orin mọ́kànlá ni wọ́n ní, mo sì ti mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àṣìṣe, ọmọbìnrin náà á dá gbogbo wọn dúró, wọ́n á sì tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mí. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ dúró kó lè tún un ṣe dáadáa, n kò lè pè é ní aláriwo.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ọmọbìnrin onílé ló ń ta gìtá, òun ló sì ń ṣẹ̀dá orin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ilé ìwé ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní béèsì. Ọmọkùnrin onírun gígùn kan ló ń kọrin. Ẹni kẹrin ni onílù, ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọjọ́ orí èmi gan-an. Orí rẹ̀ ti pá níwájú, irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn dé èjìká. Ṣọ́ọ̀bù táyà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Calumet City, á wá wa ọkọ̀ fáànù rẹ̀ la gbogbo ìlú já láti wá lu ìlù lẹ́yìn ilé wa. Kò tíì pé ọdún kan tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Prófẹ́sọ̀ ló máa ń pè mí. Mo sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé olùkọ́ ìtàn nílé ìwé girama ni mí. Ó ní ní Calumet City, ẹni tó bá ti wọ táì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, prófẹ́sọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìgbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nílẹ̀, ọmọbìnrin náà gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wá bá wa ní kíṣìnnì. Oníṣètò eré kan wà ní Tinley Park tó fẹ́ ṣe eré ọlọ́jọ́ kan nínú pápá nígbà ooru. Ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń rìnrìn àjò ni yóò ṣe é gbẹ̀yìn, ó sì ń wá ẹgbẹ́ Chicago kan tí yóò ṣí i lọ́sàn-án. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé ẹgbẹ́ náà lójú ìwé kan. Kásẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Ìtàn ni kò rí kọ. Ó fi èyí tó ti gbìyànjú hàn mí. Ìlà méjì ni: pé àwọn wà, àti pé àwọn le gan-an. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní màá bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè kọ nípa ohun tí n kò tíì kà nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpò ìyẹ̀fun méjì wá láti ilé búrẹ́dì, ìwé ìròyìn nípa àwọn olórin irin ló kún inú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà wọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jókòó tì mí á wo táì mi, á wo àwòrán ọkùnrin tó wọ awọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀ tó ń lanu bíi kìnnìún, á sì rọra sún síwájú.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́, mo ti kọ́ wọn ní ìtàn Amẹ́ríkà, n kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ olórin irin náà ní ìdìde àti ìṣubú tó ṣeé yà sí pátákó. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ọ̀rẹ́ méjì á pàdé nílé ìwé. Ọ̀kan á ní gìtá, èkejì á ní bàbá tó ní gáréèjì. Wọ́n á sọ ẹgbẹ́ lórúkọ, wọ́n á gbọ́ pé àwọn kan ti ń jẹ́ ẹ ní California, wọ́n á yí i padà. Wọ́n á ṣe kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan á fi pè wọ́n. Àwo kìíní á dára, èkejì á dára jù ú lọ, ìgbà tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò nítorí ìkẹta ni ìjà á bẹ́ sílẹ̀. Olórin á ní òun fẹ́ dá dúró. Wọ́n á wá olórin mìíràn. Ìdajì àwọn tó fẹ́ràn wọn á ní ẹgbẹ́ ti kú, ìdajì á ní ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan olórin àkọ́kọ́ á padà wá, wọ́n á ya fọ́tò, gbogbo wọn á sì ti sanra díẹ̀.

Ní ti onílù, n kò tíì rí ẹni tí wọ́n ń lé tó o. Bí nǹkan bá bàjẹ́, onílù ni. Bí nǹkan bá dára, wọ́n á ní ìbá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn bá rí onílù mìíràn. Mo ya ìtàn ẹgbẹ́ mẹ́jọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, bí a ṣe ń ya ìlà ìdílé ọba, ọfà kan fún ẹni tó wọlé, ọfà kan fún ẹni tó jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Nínú ọ̀kan, onílù mẹ́fà ni mo kà láàárín ọdún mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ó dé láti ṣíìfù, ó dúró wò ó pẹ̀lú báàgì léjìká, ó wá bi mí pé irú àrùn wo ló ń pa wọ́n.

Ohun kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí. Kì í ṣe orin ló ń tú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ká. Ta ló dá a sílẹ̀, orúkọ ta ni yóò ṣíwájú: ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Mo kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà náà, mo sì fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nígbà méjì. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò mọ̀ kí n tó lọ ṣe é.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gáréèjì pẹ̀lú ìwé àjákọ, mo sì bi olúkúlùkù wọn ní ìbéèrè kan náà: ọjọ́ orí, ìlú, bó ṣe kọ́ orin. Ọmọbìnrin náà ló kéré jù. Ẹni tó ń ta béèsì fi ọdún kan jù ú lọ, olórin fi ọdún méjì jù ú, onílù sì fi mẹ́rìndínlógún jù ú lọ. Nígbà tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, ọwọ́ mi tò wọ́n fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí bàbá mi ti máa ń ní kí n kọ orúkọ àwọn ẹbí sínú lẹ́tà: àgbà lókè, ọmọdé nísàlẹ̀. Onílù gba ìpínrọ̀ kìíní, ìlà mẹ́sàn-án gbáko, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí àgbà là ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà ló gbẹ̀yìn. Ìlà mẹ́ta ni mo fún un: pé òun ni àbúrò gbogbo wọn, pé ó ń ta gìtá, ó sì ń bá wọn ṣẹ̀dá orin. Ní ti ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́ pé inú gáréèjì kan ní West Ridge ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Nílé wa, ọmọ tó kéré jù kì í sọ níwájú àgbà pé òun lòun dá nǹkan sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ òun.

Ó kà á lórí ìdúró, ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn, ìyẹ̀fun nígùnpá. Ó ní ó dà bí ohun tí èèyàn ń rí ní láíbìrì. Ó fi í sínú àpò ìwé pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó tì í. Onílù mú ẹ̀dà kan lọ fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, àwọn àwo wa kò gbọ̀n. Mo yọjú lójú wíńdò. Fáànù onílù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí sílẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró láìfọwọ́ kan ohun èlò kankan. Kò pẹ́ tí fáànù náà fi lọ. Ọmọbìnrin náà wá jókòó sórí àtẹ̀gùn pákó ẹ̀yìn ilé, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

Ó sọ ọ́ fún mi láìgbé ojú sókè. Oníṣètò ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Onílù ni oníṣètò náà pè lórí fóònù, ó sì ń pè é ní olórí ẹgbẹ́. Yóò fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí olórí wá tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì ní agogo mẹ́rin. Ohun kan ló kù: àwọn tó ń wá síbi eré irin, ọkùnrin ni wọ́n fẹ́ rí nídìí gìtá. Ó ní ó dájú pé olórí mọ onígìtá ọkùnrin kan tó lè gba ipò ọmọbìnrin yẹn.

Mo bi í pé kí ni onílù fi dá a lóhùn.

"Ó ní òun á rò ó."

"Ṣé kò sọ fún un pé ìwọ lo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Ó ní ìwé yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀." Ó wá wò mí. "Tíṣà, mo lọ tún un kà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́."

Láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà nínú gáréèjì náà. Ẹni méjì ti wá, wọ́n ti lọ. Òun ló ń wá ẹlòmíràn. Òun ló ṣe gbogbo orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ó ní òun á jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lé kúrò nínú gáréèjì bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Mo gòkè padà. Ìyàwó mi ń jẹun kó tó lọ sí ṣíìfù alẹ́. Mo ṣàlàyé fún un, mo sì gbèjà ara mi bí mo ti ń ṣàlàyé. Mo ní òyìnbó kò mọ iyì àgbà. Mo ní nílé, kò sẹ́ni tí ìwé yẹn máa ṣì lọ́nà, torí ohun tó tọ́ ni mo ṣe.

Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ ní ṣíbí méjì sí i.

"Dádì, nígbà tí mo wọ ilé yín, ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò yín obìnrin tó kéré jù?"

"Mẹ́sàn-án."

"Kí ni mo ń pè é?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú táì mi.

"Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn, kí ni mo ń pè é?"

"Ò ń pè é ní ọkọ rẹ."

"Ọkọ mi ń jẹ súìtì lọ́wọ́, èmi ń kúnlẹ̀ kí i." Ó dìde, ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ omi. "Onílù yẹn, ìyàwó tuntun ni. Ẹ gbé ìyàwó tuntun gorí àga onílé, ẹ wá ń bú òyìnbó."

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, kí n tó rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá tó ń ka èyí ti mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Ní ìta, ọjọ́ orí la fi ń mọ àgbà. Nínú agbo ilé, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé la fi ń kà á; ọmọ tí wọ́n ti bí sílé kó tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ì báà ṣì máa rá. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí. Ẹgbẹ́ olórin kì í ṣe ìta. Ilé ni, à ń wọ̀ ọ́, à ń jáde nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ya gbogbo ọfà wọ̀nyẹn sórí kàlẹ́ńdà, tí mo ń wò wọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ mu omi tútù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Onílù ni wọ́n ń retí lọ́jọ́ Ẹtì, èmi sì ni mo sọ ọ́ di olórí. Bí mo bá fi ìwé tuntun ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ rí i, bí ìgbà tí olùkọ́ dín máàkì ọmọ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á sétí gbogbo ilé ìwé ni. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a parí ẹ̀kọ́, mo wakọ̀ lọ sí Calumet City.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń tú táyà ọkọ̀ kan. Ó rí mi, kò dúró.

"Prófẹ́sọ̀. Táyà rẹ ò jò."

"N ò bá ti táyà wá."

"Mo mọ̀."

Nígbà tó tú u tán, ó jókòó sórí òkìtì táyà kan, ó sì nàka sí òmíràn fún mi. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, kì í ṣe òun. Mo sọ bí a ṣe ń to èèyàn nílé wa, mo sọ nípa ọjọ́ orí, mo wá sọ nípa àwọn ìyàwó àti ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ó tẹ́tí sí mi bí ọmọ ilé ìwé tó mọ̀ pé ìdánwò yóò ti ibẹ̀ jáde.

"Ìyẹn ni pé ìyàwó ni mí," ló sọ níkẹyìn.

"Ìyàwó tuntun."

"Kí ni ìyàwó tuntun ń ṣe nílé yín?"

"Ó ń pọnmi. Ó ń gbálẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi tí ọkùnrin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ fi yọ orí jáde, tó ń béèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Onílù dá a lóhùn pé wọ́n ti fi òun fún ọkọ. Ọkùnrin náà ní òun kẹ́dùn pẹ̀lú ọkọ ọ̀hún, ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.

Ó nu ojú rẹ̀, ẹ̀rín wá tán. Ó ní ẹgbẹ́ méje lòun ti bá lu ìlù láti ogún ọdún. Méjì nínú wọn ṣe àwo. Lára páálí àwo kan, ìgùnpá ẹlòmíràn ló bo ojú òun. Lára èkejì, onílù tó rọ́pò òun ni wọ́n ya, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́, àwọn ọfà ara fìríìjì wa ni mo ń rí. Mo ti kà wọ́n, mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín, n kò sì ronú rí pé ọ̀kan nínú wọn lè jókòó sórí táyà níwájú mi.

"Ìwé rẹ yẹn, ìyá mi ti fi férémù sí i," ó ní. "Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi. Ẹni tó bá wá tọrọ ife ìyẹ̀fun kan lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó kọ́kọ́ kà á."

"Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo kọ nípa rẹ. Ibi tí mo gbé e sí ni kò tọ́."

"Tó o bá wá gbé e sí ibòmíì, ìlà mélòó ló máa jẹ́?"

"Mẹ́sàn-án. N ò yọ ọ̀rọ̀ kan."

Ó mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ohunkóhun, n kò sì bi í. Ó yí ọkọ̀ mi po, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà iwájú ní apá òsì, ó ní kò ní rí ìgbà òtútù, kí n mú un wá. Ọ̀nà ilé jìn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ọmọbìnrin náà jọ wakọ̀ lọ sí Tinley Park. Ó ti gba àyè nílé búrẹ́dì. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi ìka ta gìtá tí kò sí lórí orúnkún rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, fáànù onílù ti wà níbẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. N kò rí ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀ rí. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò mí, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí a jọ ń rò, pé èèyàn kì í lọ ṣẹ́ẹ̀tì nítorí ohun tó fẹ́ kọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gun òkè lọ.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì ni ọ́fíìsì oníṣètò wà. Ọkùnrin sísanra tó lóhùn pẹ̀lẹ́ ni, abọ́ ẹ̀pà kan wà níwájú rẹ̀. Ó bọ onílù lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá lọ́yà wọn ni mí. Mo ní olùkọ́ ni mí, ó sì jókòó dáadáa lórí àga rẹ̀. Mo ti rí i pé bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Mo fi ìwé tuntun lé e lọ́wọ́. Mo ní èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àṣìṣe nínú, ọwọ́ mi ló ti wá, mo sì ti tún un ṣe. Ọmọbìnrin náà ló wà lókè báyìí, pé òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, pé òun ló ni gbogbo orin. Onílù ló gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìlà mẹ́sàn-án rẹ̀. Oníṣètò kà á, ó jẹ ẹ̀pà kan, ó ní ìwé kò ṣòroó tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tóun bá olórí sọ lórí fóònù lòun mọ̀. Ó ti ìwé àdéhùn àti bíírò sọ́dọ̀ onílù.

Onílù mú bíírò náà. Ó ń yí i láàárín ìka bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀pá ìlù. Ó yí i títí tí oníṣètò fi jẹ ẹ̀pà mẹ́ta. Ó wá gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà.

"Òun ló nilé," ó ní. "Èmi, ìyàwó ni mí níbẹ̀."

Oníṣètò wò mí. Mo nàka sí orúkọ ọmọbìnrin náà lókè ìwé tuntun.

Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun ti sọ pé ọkùnrin lòun fẹ́ nídìí gìtá. Onílù ní kò burú, kó wá onílù mìíràn mọ́ ọn. Ó ní òun gbọ́ pé onílù kì í ṣòroó rí.

 Oníṣètò fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó sì gbọ́ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó di ojú. Nígbà tó parí, ó ní òun kò lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tóun kò rí rí. Ogún ìṣẹ́jú ni, ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí pápá kò tíì kún. Bí wọ́n bá fẹ́.

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí i. Ó tẹ bíírò mọ́ ìwé débi tí orúkọ rẹ̀ fi hàn lára tábìlì lábẹ́ rẹ̀.

Níbi ìgbọ́kọ̀sí ni ìṣòro mìíràn ti dé. Orin márùn-ún ni wọ́n ti tò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú ọ̀kan nínú wọn sì ni onílù ti máa ń dá lu ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí àwọn yòókù tó padà wọlé. Ogún ìṣẹ́jú kò lè gbà á. Onílù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́: kí wọ́n yọ ìlù àdálù yẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ́ lára pé ti òun ni wọ́n máa ń yọ. Ọmọbìnrin náà ní rárá, orin méjì nínú èyí tóun ṣe ni yóò kúrò. Onílù ní kò bọ́gbọ́n mu, ọ̀kan nínú méjèèjì ló dára jù nínú gbogbo orin wọn.

"Ta ló nilé?" ọmọbìnrin náà bi í.

Onílù lọ ṣí fáànù rẹ̀.

Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ eré náà. Ìyàwó mi kó òwú wá láti ibi iṣẹ́, ó dí mi létí, ó dí ara rẹ̀ létí, ó sì tún ń pín in fún àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èèyàn kò tíì pọ̀. Àwọn kan ṣì ń wá ibi tí wọ́n á tẹ́ aṣọ sí lórí koríko. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde sórí pèpéle, mo rí àwọn tó ń tọ́ka sí i, mo sì rí àwọn kan náà tí wọ́n sún mọ́ iwájú kí orin kìíní tó parí. Kí n má purọ́, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí olórin sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí àṣìṣe lè wà, kò sì sí.

Nígbà tó kan onílù, àwọn mẹ́ta yòókù kúrò láàárín, wọ́n lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi pèpéle sílẹ̀ fún un. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, kò dúró. Ó di márùn-ún. Òógùn ń ta láti orí rẹ̀ tó pá, àwọn tó wà lórí koríko sì ti dìde dúró. Oníṣètò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó ń fi ìka lu ojú aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rí i. Ó wò ó dáadáa, ó yí gìtá rẹ̀ sẹ́yìn, ó kọ ẹ̀yìn sí oníṣètò, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí onílù fi lu ìlù rẹ̀ tán.